Òpọ̀ Létíkun, Ọ̀wọ́n ní Ìkòtún: Ìtàn Òṣùwọ̀n Ìbánisọ̀rọ̀ Láti Ọ̀nà Ohùn Dé Fáíbà

Ní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ MainOne tí Fúnkẹ́ Opeke dá sílẹ̀ fa okùn fáíbà kan gba ìsàlẹ̀ òkun láti ilẹ̀ Potogí wá sí Èkó. Gígùn okùn náà tó nǹkan bí 7,000 kilomítà, wọ́n sì kéde pé ó lè gbé terabíìtì 1.92 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye báyìí kò ní ìtumọ̀ létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí kò sí ohun tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a padà sí òṣùwọ̀n tẹlifóònù àtijọ́, tó ya kilobíìtì 64 sọ́tọ̀ fún ohùn ẹnì kan, yóò já sí ọ̀nà ohùn 30,000,000 géérégé. Ní 2001, gbogbo ìlà tí NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ti so káàkiri Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, okùn kan ṣoṣo gúnlẹ̀ sí Èkó tí àyè inú rẹ̀ ju ìlọ́po 60 gbogbo ìlà wọ̀nyẹn lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndó ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó mọ̀ pé "kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì" kò tìtorí ẹ̀ kúrò lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn ìbánisọ̀rọ̀ ní Èkó jẹ́ ìtàn òpọ̀ létíkun àti ọ̀wọ́n nínú ìlú, àti pé ẹni tí kò bá lè ṣẹ́ ìwọ̀n kan sí èkejì, láti ọ̀nà ohùn dé àmì ìmọ́lẹ̀, kò ní mọ ibi tí ọ̀wọ́n náà fara pamọ́ sí.

Níbo ni 64 ti wá? Ní 1938 ni Alec Reeves, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ITT ní ìlú Paris, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kò tíì lágbára tó láti fi ọgbọ́n ọ̀hún ṣòwò, ó sì tó nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélógún kí ó tó bọ́ sójú ọjà. Tẹlifóònù kì í gbé gbogbo ohùn ènìyàn. Láti nǹkan bí hertz 300 dé 3,400 ló ń gbé, wọ́n sì ya 4,000 sọ́tọ̀ fún un kí ohùn kan má baà wọ inú òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ tún ohùn náà tò bó ṣe wà gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ní ìlọ́po méjì iye yẹn, ìyẹn ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíìtì 8 ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ 8,000 jẹ́ 64,000, òun náà ni kilobíìtì 64. Iye yìí ni kóńgò ìbánisọ̀rọ̀: bí àwọn oníṣòwò Ọjà Ìkòtún ṣe lè jiyàn lórí owó gàrí títí ilẹ̀ á fi ṣú, síbẹ̀ tí wọ́n á jọ fi kóńgò kan náà wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tẹlifóònù gbogbo àgbáyé ṣe fẹnu kò lórí 64, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í lẹ́rù yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Ìyàtọ̀ nínú ìdìpọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà di ọ̀nà ohùn 24 pọ̀, wọ́n fi bíìtì ẹyọ kan lé e láti fi mọ ibi tí ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pè é ní T1. Ẹ̀ẹ̀kẹrìnlélógún bíìtì 8 jẹ́ 192; fi ẹyọ kan kún un, ó di 193; bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ nígbà 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó di mẹ́gábíìtì 1.544. Àwọn ará Yúróòpù di ọ̀nà 32 pọ̀, wọ́n pè é ní E1, ó sì jẹ́ mẹ́gábíìtì 2.048. Ìpè 30 ni E1 ń gbé. Ọ̀nà kan nínú méjì tó kù wà fún títo férémù, èkejì wà fún iṣẹ́ àmì: pé fóònù ń dún, pé wọ́n ti gbé e, pé wọ́n ti pa á. Ọ̀dọ̀ Yúróòpù ni Nàìjíríà tẹ̀ sí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Yorùbá kan ní Houston bá pe ìyá rẹ̀ ní Ìgàndó ní ayé tí a fi ń lo ọ̀nà wọ̀nyí, inú ìdìpọ̀ ọlọ́nà 24 ni ohùn rẹ̀ ti gbéra, inú ìdìpọ̀ ọlọ́nà 30 ló sì gúnlẹ̀ sí. Ọ̀nà tí ilẹ̀ méjèèjì ń gbà kọ bíìtì 8 ohùn sílẹ̀ pàápàá kò bára mu. Òfin àgbáyé tó wà lórí rẹ̀ ti sọ ẹni tí yóò ṣe ìyípadà náà: ilẹ̀ tó ń lo ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyí pé ṣíṣẹ́ ìwọ̀n kan sí èkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Iṣẹ́ ni, ẹnì kan ló ń ṣe é, ẹnì kan ló sì ń sanwó rẹ̀.

Nígbà tí fáíbà gbòde, àkàsọ̀ àtijọ́ kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Lórí àkàsọ̀ náà, E1 mẹ́rin ni wọ́n ń dì di mẹ́gábíìtì 8.448, mẹ́rin irú ìyẹn di 34.368, mẹ́rin irú ìyẹn náà di 139.264. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin 2.048 kò ju 8.192 lọ. Àfikún yẹn ni bíìtì tí wọ́n fi ń dí àlàfo, nítorí aago ẹ̀rọ kan kò bá ti èkejì dọ́gba. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí ìlú kan lójú ọ̀nà bá fẹ́ mú E1 kan ṣoṣo nínú ẹrù ńlá náà, àfi kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n mú èyí tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì tún un dì. Ní 1988, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí ìlànà tuntun tó pa aago gbogbo ẹ̀rọ pọ̀. Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ ni STM-1: férémù onílà 9 àti òpó 270, bíìtì 8 nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nígbà 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye tó fún wa ni mẹ́gábíìtì 155.52. Ẹ kíyè sí 8,000 yẹn. Òun náà ni iye ìgbà tí wọ́n fi ń wọn ohùn ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré nínú fáíbà, ṣùgbọ́n ìlù tí wọ́n lù fún ohùn ló ń jó sí.

Ibẹ̀ ni Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti pàdé, nítorí STM-1 kò yàtọ̀ sí OC-3 ti Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n. Ó lè gbé E1 63, tí í ṣe ìpè 1,890, tàbí T1 84, tí í ṣe ìpè 2,016. Láti ibẹ̀ lọ, ìlọ́po mẹ́rin-mẹ́rin ni: STM-4 jẹ́ mẹ́gábíìtì 622.08, ó ń gbé ìpè 7,560. STM-16 jẹ́ 2,488.32, ó ń gbé 30,240. STM-64 jẹ́ 9,953.28, ó ń gbé 120,960. Ẹni tó bá kàn fi kilobíìtì 64 pín mẹ́gábíìtì 155.52 yóò rí 2,430, kì í ṣe 1,890. Kò sí ẹni tó jí 540 tó kù. Inú àyè yẹn ni férémù ti ń tọ́jú ara rẹ̀: ibẹ̀ ló ń fi àdírẹ́sì sí, ibẹ̀ ló ti ń wá àṣìṣe, ibẹ̀ ló ti ń pe ẹnjiníà bí okùn bá já. Ìdí nìyí tí mílíọ̀nù 30 tí mo kọ lókè fún MainOne fi jẹ́ ìṣirò oréfèé. Bí a bá yọ irú àyè bẹ́ẹ̀ kúrò, yóò sún mọ́ mílíọ̀nù 23. Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù méje kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fojú fò. Ẹni tó ń polówó okùn lè ka ti oréfèé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìtàn gbọ́dọ̀ ka ohun tó dé ọwọ́ oníbàárà.

Òpọ̀ létíkun ti wà kí fáíbà tó dé. Ní 1886 ni okùn tẹligíráàfù abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fi máa di 1893, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ti ní tẹlifóònù. Ìṣàkóso àti òwò òkè òkun ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe kí ará Ìlú Èkó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ẹ̀ka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ẹ̀ka ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ti ìjọba, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí P&T, ń mójú tó ìpè abẹ́lé, NET sì ń mójú tó ìpè ilẹ̀ òkèèrè. NET ni wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì fún ní Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Òun náà ló kọ́ ilé alájà 32 sí Marina ní 1979, èyí tí iná jó ní 1983. Ní 1985 ni wọ́n da NET àti apá tẹlifóònù P&T pọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di NITEL. Ilé gogoro náà kọjú sí omi, owó ìpè ilẹ̀ òkèèrè ló sì gbé e ró. Ìpè abẹ́lé kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó rò pé èrè wà nínú kí ará Ẹ̀gbẹ́dá pe ará Ìdímù.

Ní àkókò tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ wọ̀nyí lélẹ̀, púpọ̀ nínú ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ṣì jẹ́ abúlé Àwórì àti oko. Ọ̀wọ́n ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Mushin àti Agége ló lé àwọn ènìyàn jáde síbẹ̀. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n sì dá owó iná mànàmáná jọ fúnra wọn kí ìjọba tó rántí wọn. Nígbà tí wọ́n ka orí ènìyàn ní 2006, àjọ ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ rí 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ ní òun rí 2,047,026. Èyí tí ó wù kí a gbà, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí èrò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé iye tó kéré jù náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà NITEL. Bí wọ́n bá tú gbogbo ìlà tó wà láti Sókótó dé Calabar, láti Marina dé Máídúgùrì, tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá sí Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ènìyàn tó ju méjì lọ ni yóò ṣì máa pín ìlà kan lò. Nítorí náà, kò sí ìdí láti máa wádìí ẹni tó fi fóònù du Alímọ̀ṣọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní ètò tẹlifóònù orílẹ̀-èdè kò tó ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ kan lè lò tán.

Gbàǹjo ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká (GSM) tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ṣe ní oṣù January 2001 ló yí ọ̀ràn padà. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni iye ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù August ọdún náà, Econet, tó ti di Airtel lónìí, àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Glo dé ní 2003 pẹ̀lú ìdíyelé ìṣẹ́jú-àáyá. Òpó másìtì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín ilé ní Alímọ̀ṣọ́, àwọn ọ̀dọ́ sì gbé tábìlì àti agboòrùn sẹ́bàá títì, wọ́n ń ta ìpè. Ṣùgbọ́n báwo ni ohùn ṣe ń kúrò lórí òpó? Ìdáhùn náà ni E1. Afẹ́fẹ́ ni ohùn gbà dé orí òpó, inú E1 tí rédíò máíkírówéfù ń gbé láti òpó kan sí èkejì ló sì gbà dé ibi ẹ̀rọ ìdarí. MTN tilẹ̀ tẹ́ irú ọ̀nà rédíò bẹ́ẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, 3,400 kilomítà, tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ní January 2003. GSM ti fún ohùn mọ́ra dé kilobíìtì 13, wọ́n sì ń gbé e nínú àyè kilobíìtì 16, nítorí náà ohùn mẹ́rin lè jókòó sínú ọ̀nà kan tó jẹ́ ti ẹnì kan tẹ́lẹ̀. E1 kan láti orí òpó lè gbé ìpè tó sún mọ́ 120. Àrà ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàhálà wà.

Bí ohùn náà bá fẹ́ kọjá sí ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u padà sí kilobíìtì 64, nítorí èdè yẹn nìkan ni gbogbo wọn jọ gbọ́. Ìpè 120 tó fi E1 kan wọlé láti Ìkòtún nílò E1 mẹ́rin kí ó tó jáde sọ́dọ̀ NITEL tàbí ilé iṣẹ́ GSM kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti fún. Ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, ìsopọ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ kò tó nǹkan, NITEL kò ní àyè tó pọ̀ tó láti fún àwọn tuntun, ìjà lórí owó ìsopọ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n tètè fi kún un. Ìpè kọkànlélọ́gbọ̀n tó bá dé orí E1 kan kò ní rí ibi jókòó. Ohun tí ẹni tó pè yóò gbọ́ ni pé ọ̀nà dí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ará Èkó fi ń gbé fóònù méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Àwọn kan pè é ní afẹ́. Ìṣirò ló fi hàn pé kì í ṣe afẹ́: ẹni tó ní fóònù méjì ti fi owó ara rẹ̀ ra ìsopọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ kò rà.

A lè gbé ìṣirò náà síwájú sí i. A. K. Erlang, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Denmark tó bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, ti ṣàlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún iye ọ̀nà tí ìlú kan nílò kí ìpè tí yóò kùnà má baà pọ̀. Bí a bá lo ìlànà rẹ̀, tí a gbà pé ìpè méjì péré nínú 100 ni yóò kùnà, tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù, E1 kan yóò tó fún nǹkan bí 870 ènìyàn. Gbogbo 1,277,714 ará Alímọ̀ṣọ́, àtàgbà àtọmọ ọwọ́, yóò nílò E1 tó tó 1,470. Ẹ fi 63 pín in: STM-1 tí kò pé 24 ni. STM-64 kan ṣoṣo, tí í ṣe àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan nínú ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí okùn fáíbà kan lè gbé, ń gba STM-1 64. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Alímọ̀ṣọ́ lè fi ẹnu sọ ní wákàtí tó gbóná jù kò ní kún ìdajì àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan. Kò sí ìgbà kan rí tí ohùn ará Ìkòtún pọ̀ ju fáíbà lọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di rédíò, tí rédíò ti ń di ohùn, tí ilé iṣẹ́ kan ti ń fa ìpè lé òmíràn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń há.

Ìtàn sáíbà káfẹ́ jẹ́rìí sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìsọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ káàkiri Èkó, àwo sátẹ́láìtì wà lórí òrùlé, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sanwó láti fi gbogbo òru wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n tí wọ́n ń rà ni kilobíìtì 64, 128, 256 tàbí 512. Ọ̀nà ohùn kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ nìyẹn. Òwò tuntun ni, òṣùwọ̀n tẹlifóònù ni wọ́n fi ń tà á. Bí kọ̀ǹpútà 20 bá pín ọ̀nà ohùn kan, kilobíìtì 3.2 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwòrán kan tó tó kilobáìtì 100 yóò sì gba ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kó tó ṣí tán. Ní àkókò kan náà, ní 2002, ni okùn abẹ́ òkun SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, NITEL ni aṣojú Nàìjíríà nínú rẹ̀, gígábíìtì 120 ni wọ́n sì ṣe é láti gbé. Bí a bá kà á bí STM-1 768, ó lè gbé ìpè tó ju 1,450,000 lọ. Okùn wà ní etíkun, NITEL nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi ojú wo ọ̀run láti ra ọ̀nà ohùn ẹyọ kan.

Àwọn kan yóò ní ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí. Wọ́n á ní láti ìgbà tí 4G ti dé, kò sí ìpè tó ń jókòó sínú ọ̀nà mọ́. Pákẹ́ẹ̀tì ni ohun gbogbo, E1 ti di ohun ilé àkójọ. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìlànà OTN tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lónìí, orí STM-16 àti STM-64 ni wọ́n ti wọn àwọn ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí wọ́n nílò ohun tó lè gbé ẹrù àtijọ́ láì tú u. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n wúlò kódà nígbà tí wọn kò fi ta ọjà mọ́. Fídíò tó já geere lè gba mẹ́gábíìtì 5. Ọ̀nà ohùn 78 nìyẹn, tó ju E1 méjì lọ, fún ẹnì kan tó jókòó sílé wo eré. Ẹni tó bá ṣẹ́ ìwọ̀n náà báyìí yóò rí i pé òpó tó tẹ́ àdúgbò kan lọ́rùn ní 2003 kò lè tẹ́ ilé kan lọ́rùn lónìí bí ọ̀nà tó dé ìdí rẹ̀ kò bá yí padà.

Àwọn mìíràn á ní Alímọ̀ṣọ́ jèrè nínú pé wáyà bàbà kò dé ibẹ̀, pé wọ́n fò láti àìní sí GSM láì gba àárín kọjá. Lójú oníbàárà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí wọ́n là fún bàbà ní àwọn ìlú tó ti ní in tipẹ́ ni wọ́n ń fa fáíbà gbà lẹ́yìn náà. Ibi tí kò sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n wa ilẹ̀ lọ́tun, kí wọ́n sì san owó ẹ̀tọ́ ìwalẹ̀. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ fẹnu kò sí ₦145 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì gba ohun tó wù wọ́n lẹ́yìn ìgbà náà. Owó díísù àti olè jíjà lórí òpó náà wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Àmọ́ díísù kì í fún ọ̀nà tó dín ní àyè. Òpó tí iná rẹ̀ kò kú rárá kò lè gbé ju ohun tí ìsopọ̀ rẹ̀ gbà lọ.

Àtakò tó wúwo jù ni ti March 14, 2024. Lọ́jọ́ náà, okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 jìyà lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Abidjan, báǹkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà sì dojú rú. Ṣé èyí kò fi hàn pé etíkun gan-an ni àìlera wà? Kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, púpọ̀ nínú ẹrù ti gba ibòmíràn lọ, nítorí Glo-1 wà, Equiano ti Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022 náà sì wà. Terabíìtì 144 ni wọ́n ṣe Equiano fún, ọ̀nà ohùn bílíọ̀nù 2.25 ní ìṣirò oréfèé. Òpọ̀ ló gba òpọ̀ sílẹ̀. Bí katakata tó ń la títì bá ṣèèṣì gé okùn kan ṣoṣo tó wọ àdúgbò, kò sí Equiano tí yóò gbà á. Alímọ̀ṣọ́ sì mọ ohun tí katakata lè ṣe: ní May 2008, ọ̀kan tó ń ṣe títì ní Ìjẹ́gun kọlu páìpù epo, iná ńlá ṣẹ́ yọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ya àwòrán ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò dára fún epo, kò sì dára fún fáíbà.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti kéde ètò ọ̀nà fáíbà 6,000 kilomítà káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n kilomítà kì í ṣe òṣùwọ̀n ìbánisọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí terabíìtì etíkun kì í ṣe òṣùwọ̀n ohun tó dé ilé. Ohun tó yẹ kí ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó máa bi káńsẹ́lọ̀ wọn, àjọ NCC àti ilé iṣẹ́ tó ń gba owó dátà lọ́wọ́ wọn ni èyí: òpó mélòó ní àdúgbò wa ni fáíbà dé ìdí rẹ̀, mélòó ni ó ṣì ń gba rédíò, àti pé bí okùn kan bá já, ibo ni èkejì wà? Ilé iṣẹ́ tó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí wọ́n máa bá ṣòwò.